Ó jọ sẹ̀gi, kì í ṣe sẹ̀gi: ẹ gbé kóró búlúù yẹn kúrò nídìí táǹkì ẹja yín

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ ibí. Mo ní àṣìṣe kan tí mo fẹ́ tún ṣe lójú gbogbo yín, nítorí pé ojú gbogbo yín náà ni mo ti ṣe é. Nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, mo gbé fídíò kan jáde níbi tí mo ti ń fi kóró búlúù inú ike kan hàn yín. Mo ní kí gbogbo ẹni tó bá ní aquarium nílé lọ ra irú rẹ̀, pé ó máa ń fa ọ̀rinrin kúrò lára charger, pọ́ǹpù àti oúnjẹ ẹja. Fídíò yẹn rìn gan-an. Mo ti pa á rẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyí.

2/ Fún ẹni tí ò mọ̀ mí: Ìjẹ̀bú-Igbó ni mò ń gbé. Agọ́-Ìwòyè ni mo ti kàwé gboyè, ibẹ̀ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sin ẹja sínú gíláàsì, nínú yàrá kan ṣoṣo tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ gbà. Ẹja tí mo ní báyìí ni kribensis. Ẹja kékeré ni, ikùn abo rẹ̀ á pupa bí osùn tó bá fẹ́ yé ẹyin. Àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń fowó gidi rà á, bẹ́ẹ̀ sì rèé, odò gúúsù Nàìjíríà wa níbí ni orísun rẹ̀.

3/ Ẹni tó bá mọ agbègbè wa mọ ohun tí ọ̀rinrin ń fojú wa rí. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ògùn Waterside, níbi tí ìpínlẹ̀ wa ti kan ọ̀sà, tí òjò bá ti wọlé báyìí, aṣọ ò ní gbẹ, bàtà á bu, iyọ̀ inú ike á máa sunkún. Kí ẹ wá tún gbé táǹkì omi sínú yàrá kékeré tí fèrèsé rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ. Ṣé ẹ rí i?

4/ Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ méjì ló kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ọdún kan. Ẹnu charger iná táǹkì dípẹtà. Oúnjẹ ẹja lẹ̀ mọ́ra, ó bu. Ni mo bá wá oògùn rẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan ta kóró búlúù yẹn fún mi, inú ọ̀rá lásán ló wà, kò sí àkọlé kankan lára rẹ̀. Ó ní, “Àǹtí, tó bá ti fa omi yó, á di píǹkì. Ẹ kàn yan án lórí iná, á padà sí búlúù.” Ó wù mí. Ó rẹwà lójú fídíò pẹ̀lú, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ó ń dán bíi sẹ̀gi.

5/ Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé ọmọ rẹ̀ wá sílé. Ọmọ ọdún mẹ́ta. A jókòó à ń sọ̀rọ̀, ọmọ dákẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́mọ rí, ẹ mọ̀ pé tí ọmọ ọdún mẹ́ta bá dákẹ́, nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ó ti ṣí ike yẹn. Kóró méjì wà nínú ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Àǹtí, ṣúìtì.”

6/ Kò tíì fi sẹ́nu, a dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó wẹ ọwọ́ ọmọ, ó wá yíjú sí mi: “Kí ló wà nínú nǹkan yìí?” Mo la ẹnu, mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mi ò mọ̀. Mo ti sọ fún gbogbo yín pé kẹ́ ẹ lọ rà á, mi ò sì mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ìtìjú yẹn ló lé mi lọ kàwé.

7/ Ohun tí mo rí kà rèé. Orúkọ kóró yẹn ni silica gel. Ohun kan náà tó wà nínú yanrìn ni wọ́n fi ṣe é, àmọ́ wọ́n ṣe é lọ́nà tí ihò tín-tìn-tín fi kún inú rẹ̀, èyí tí ojú ò lè rí. Inú ihò wọ̀nyẹn ni ọ̀rinrin máa ń wọ̀ sí. Níbi tí ọ̀rinrin bá ti pọ̀, ó lè fa omi tó tó ìdá mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀, síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ ò ní mọ̀ pé ó tutù. Láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni wọ́n ti ń lò ó. Òun náà ló wà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì kékeré inú páálí bàtà tuntun yín.

8/ Àwọ̀ funfun tàbí àwọ̀ omi ni ti silica gel fúnra rẹ̀. Kò ní àwọ̀ mìíràn. Èyí tó bá jẹ́ búlúù, ẹnì kan ló fi nǹkan sí i kó lè máa fi àwọ̀ sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ lè mọ ìgbà tó yó. Nǹkan tí wọ́n sábà máa ń fi sí i ni cobalt chloride. Tó bá gbẹ, búlúù ni. Tó bá rí omi, á di píǹkì. Ohun tó ń dá yín lọ́rùn nínú fídíò mi gan-an ni ìṣòro.

9/ Ní 2008, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi cobalt chloride sínú àkójọ àwọn èròjà tó ń kọni lóminú. Lọ́dọ̀ wọn, ó wà lára ohun tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ tí èèyàn bá ń fa erùpẹ̀ rẹ̀ símú. Ó lè ba ètò ọmọ bíbí jẹ́. Ó lè mú kí ara máa yún èèyàn, kí èémí sì máa ṣòro fún ẹni tí ara rẹ̀ ò bá gbà á. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ohun tó yẹ kí wọ́n kọ sára ọ̀rá náà nìyẹn, tí ọ̀rá náà bá ní àkọlé.

10/ Ti ẹja wá ńkọ́? Àkọsílẹ̀ kan náà sọ pé ó burú jọjọ fún ohun abẹ̀mí inú omi, pé ìpalára rẹ̀ sì máa ń pẹ́ nínú omi. Èmi tí mo ra nǹkan nítorí ẹja, mo gbé ike ohun tó lè pa ẹja lé orí táǹkì ẹja. Ike tí ọmọ ọdún mẹ́ta lè ṣí. Ká ní ó dà sínú omi ńkọ́?

11/ Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ, wọ́n tiẹ̀ ti ń sọ ọ́ nínú DM mi. “Cobalt tó wà nínú ẹ̀ ò tó nǹkan.” Òótọ́ ni, díẹ̀ ni. “Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ti ń lò ó nínú láàbù láti ọjọ́ pípẹ́.” Òótọ́ tún ni. Kóró tó wà lódidi nínú ohun tí wọ́n dé pa ò ní fò jáde wá mú yín. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni sá kúrò nílé nítorí kóró méjì.

12/ Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo bí àwa ṣe ń lò ó. Nínú láàbù, ó ní àkọlé, ó ní ìdérí, ẹni tó ń fọwọ́ kàn án mọ ohun tó jẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, inú ọ̀rá ló ti wá, à ń fọwọ́ lásán bù ú, à ń yan án nínú ìkòkò tí a fi ń dín ata, nínú kíṣíìnì tí ò ní fèrèsé, à ń fọ́ ọ mọ́lẹ̀, à ń gbá erùpẹ̀ rẹ̀. Erùpẹ̀ tí wọ́n ní ká má fà símú gan-an la gbé sórí iná. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ.

13/ Ìdí kejì tí mo fi pa fídíò yẹn rẹ́ wá láti Ìwópin, ní Ògùn Waterside. Àbúrò ìyá mi ń gbé ibẹ̀, ẹja ló ń yan tà. Ó rí fídíò mi lórí fóònù ọmọ rẹ̀. Ó pè mí: “Ọmọ mi, nǹkan búlúù tó ò ń fi fa omi yẹn, bá mi ra díẹ̀. Mo fẹ́ máa fi sínú ike ẹja gbígbẹ mi.” Ọkàn mi já. Inú oúnjẹ! Ẹja tí èèyàn máa rà, tí wọ́n á fi se ọbẹ̀ fọ́mọ!

14/ Mo ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sí i o. Kò dáa fún oúnjẹ.” Mo ṣàlàyé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: “Kò burú. Èmi tiẹ̀ ń rò ó pé kí ló máa ṣe tí èmi ò ti ń ṣe tẹ́lẹ̀? Ẹja tí ò bá tíì tutù, a kì í dé e. Tó o bá dé e, á làágùn, tó bá sì ti làágùn, ó di dandan kó bu.” Ẹ̀yin èèyàn mi, mo jókòó síbẹ̀ mo ń ronú. Wọ́n ti dáhùn ìbéèrè tí mo ń náwó lé lórí.

15/ Kókó ibẹ̀ rèé: gbígbẹ ló kọ́kọ́ ń wáyé, dídé pa ló tẹ̀ lé e, sáṣẹ́ẹ̀tì ló gbẹ̀yìn. Sáṣẹ́ẹ̀tì ò lè gbẹ ohun tó tutù. Ìwọ̀nba ọ̀rinrin tó kù sínú ike tí ìdérí rẹ̀ le ló lè fà. Tẹ́ ẹ bá gbé e sí gbangba, sí ẹ̀yìn charger tàbí sórí táǹkì, afẹ́fẹ́ òjò tiwa yìí á fún un lómi yó láìpẹ́, iṣẹ́ ti tán. Gbogbo ọ̀rinrin Ìjẹ̀bú ni ẹ ní kí kóró mẹ́wàá fà mu. Ó ṣeé ṣe?

16/ Pọ́ǹpù mi méjì tó kú wá ńkọ́? Mo tú u. Omi gidi ló wà nínú ẹ̀, kì í ṣe ọ̀rinrin. Ilẹ̀ ni mo gbé pọ́ǹpù sí, táǹkì wà lórí tábìlì. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ, pọ́ǹpù á dákẹ́, omi táǹkì á wá rọra gba inú rọ́bà afẹ́fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wá bá a. Ẹ sì mọ iye ìgbà tí wọ́n ń mú iná lọ. Kò sí kóró kankan, búlúù tàbí funfun, tó lè gbà mí lọ́wọ́ ìyẹn.

17/ Oògùn rẹ̀ ò wọ́n. Ẹ gbé pọ́ǹpù síbi tó ga ju ojú omi lọ. Tí kò bá sáyè, ẹ ra check valve, ike kékeré kan tí wọ́n ń fi sáàárín rọ́bà, tó máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, tí kì í jẹ́ kí omi padà. Wáyà náà, ẹ jẹ́ kó rọ̀ sísàlẹ̀ ju sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ kó tó gòkè padà, kí omi tó bá ń ṣàn lójú wáyà lè kán sílẹ̀ níbẹ̀, kó má wọnú iná. Ẹ má gbé ẹ́síténṣọ̀n sábẹ́ táǹkì láéláé. Ẹ yọ gbogbo nǹkan kúrò lára iná kẹ́ ẹ tó ki ọwọ́ bọ omi. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo sáṣẹ́ẹ̀tì lọ, torí pé ẹ̀mí wà nídìí rẹ̀.

18/ Nígbà náà, ibo ni ohun tó ń fa omi mu ti wúlò? Ibi mẹ́ta péré lọ́dọ̀ èmi. Ọ̀kan: ike oúnjẹ ẹja. Èkejì: páálí tí mo kó pọ́ǹpù, charger àti iná tí mi ò tíì lò sí. Ẹ̀kẹta: àwọn páálí tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń dán omi wò, torí tí ọ̀rinrin bá ti kàn wọ́n, irọ́ ni wọ́n á máa pa fún yín. Ìyẹn sábà máa ń ní tirẹ̀ lábẹ́ ìdérí. Ẹ má yọ ọ́, ẹ kàn tètè máa dé e.

19/ Èwo ni kẹ́ ẹ wá mú? Èrò tèmi rèé. Àkọ́kọ́: silica gel funfun tí kò ní àwọ̀, inú sáṣẹ́ẹ̀tì tó ní àkọlé. Kò ní májèlé. Ewu rẹ̀ tó tóbi jù ni pé ó lè há ọmọdé lọ́fun, torí náà ẹ ṣì gbé e jìnnà sọ́mọ. Èkejì: sáṣẹ́ẹ̀tì alámọ̀, tí wọ́n fi amọ̀ gbígbẹ kan tó ń jẹ́ bentonite ṣe. Kò lágbára tó silica gel, ó sì lè tú omi rẹ̀ sílẹ̀ padà tó bá wà níbi tó gbóná, àmọ́ kò léwu.

20/ Ti olómi ọsàn ńkọ́? Ìyẹn sàn ju búlúù lọ, torí kò ní cobalt. Àmọ́ wọn ò rí bákan náà. Aró methyl violet ni wọ́n fi sínú àwọn kan, aró yẹn náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹja. Èròjà onírin ni wọ́n fi sínú àwọn mìíràn. Ẹ bi olùtajà. Tí kò bá lè sọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ má rà á. “Kò ní cobalt” nìkan ò tó.

21/ Àwọn tó yẹ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ pátápátá nídìí táǹkì: calcium chloride, ìyẹn ọ̀rá tí wọ́n ń so kọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Ó máa ń fa omi gan-an, àmọ́ ṣe ló máa ń di omi iyọ̀. Tó bá jò sára charger, irin á jẹrà. Láìmù gbígbóná, èyí táwọn tó ń sin ẹja sódò máa ń fọ́n sílẹ̀ odò: tí omi bá kàn án, iná ló ń di. Ó ń jóni lára, ẹyọ díẹ̀ nínú táǹkì kékeré sì lè pa gbogbo ẹja.

22/ Iyọ̀ lásán? Iyọ̀ fúnra rẹ̀ ń sunkún lóṣù Keje, òun ni yóò wá gbẹ ohun tiyín? Ìrẹsì? Ó lè fa díẹ̀, àmọ́ ó ń fi ìyẹ̀fun sílẹ̀, ó sì ń pe kòkòrò wá. Èédú dáa fún òórùn, fún ọ̀rinrin kò tó nǹkan. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa ń lo díẹ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí, àwọn ò kàn ní nǹkan mìíràn nígbà yẹn ni.

23/ “Tí kò bá ní àwọ̀, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti yó?” Ìbéèrè tó dáa. Ẹ wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn fúláwà tó. Nígbà tó gbẹ, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sára ike. Tí kóró tó jẹ́ gíráàmù 100 bá ti di 120, ó ti yó, ẹ gbẹ ẹ́. Ìwọ̀n ò ní cobalt, kì í sì í parọ́.

24/ Bẹ́ ẹ ṣe máa gbẹ funfun: ẹ tú u kúrò nínú sáṣẹ́ẹ̀tì, torí sáṣẹ́ẹ̀tì lè yọ́ lórí iná. Ẹ tẹ́ ẹ sínú àwo irin tẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀, tẹ́ ẹ ò ní fi se oúnjẹ mọ́. Ẹ gbé e sínú óòfù tí ooru rẹ̀ tó 120 fún wákàtí méjì mẹ́ta, ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ jẹ́ kó tutù nínú ohun tí a dé pa, kẹ́ ẹ tó dá a padà. Oòrùn ọyẹ́ lè ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, oòrùn àsìkò òjò ò lè ṣe nǹkan kan fún un. Ẹ má yan búlúù nílé rárá.

25/ Tẹ́ ẹ bá ti ra búlúù nítorí fídíò mi, ẹ má bínú. Ẹ má dà á sí gọ́tà, ẹ má jó o. Gọ́tà Ìjẹ̀bú-Igbó ń lọ sódò, odò ń lọ sí ọ̀sà, ẹnu ọ̀sà sì ni àwọn èèyàn wa ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ẹ dà á sínú ike tó le, ẹ dé e pa, ẹ kọ “MÁJÈLÉ: COBALT” sára rẹ̀, ẹ gbé e síbi tọ́wọ́ ọmọ ò lè tó. Tẹ́ ẹ bá mọ olùkọ́ kẹ́mísírì tó ní láàbù, ẹ bi í bóyá ó lè gbà á. Tọ́mọ bá ti gbé e mì, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kẹ́ ẹ sì mú ike náà dání.

26/ Ẹ̀yin olùtajà, ọ̀rọ̀ kù fún yín. Mi ò ní kẹ́ ẹ má tajà. Ẹ kọ ohun tó wà nínú ọ̀rá sára ọ̀rá, tán. Gègé kan àti bébà kan ló gbà. Àwa tá à ń ṣe fídíò náà, kó tó di pé a sọ pé “ẹ lọ rà á,” ó yẹ ká lè dáhùn ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n mi bi mí. Ìwo tó pọ̀ ò lè dá èsì yẹn padà fún wa.

27/ Báyìí, ike funfun ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi lókè, pẹ̀lú ìwọ̀n tí mo kọ sára rẹ̀. Pọ́ǹpù mi wà lórí pákó, ó ga ju omi lọ. Àwọn kribensis mi ti yé ẹyin sínú ìkòkò amọ̀ kékeré, akọ ń lé gbogbo ẹni tó bá sún mọ́ gíláàsì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá lánàá, ó wo òkè, ó ní, “Àǹtí, ṣúìtì búlúù dà?” Mo ní ó ti lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí tiyín náà lọ. Tẹ́ ẹ bá ti pín fídíò àkọ́kọ́ yẹn, ẹ bá mi pín èyí náà.